Ìdílé Ewéko Tí Oje Rẹ̀ Funfun Bí Wàrà: Ẹ̀gẹ́, Rọ́bà, Lárà àti Àwọn Ìbátan Wọn

Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá jáde kúrò nínú iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, tí ó sì forí lé oko ilé-ẹ̀kọ́, ó ṣeé ṣe kí ó bá mẹ́rin nínú àwọn ọmọ ìdílé kan náà pàdé lójú ọ̀nà, kí ó má sì mọ̀ pé ìbátan ni wọ́n. Èkíní ni òdòdó Kérésìmesì tí a gbìn sí iwájú ilé ìsìn, èyí tí orí rẹ̀ ń pọ́n nígbà ọyẹ́. Èkejì ni bọ̀tujẹ̀ tí a fi ṣe ọgbà yí ilé ká. Ẹ̀kẹta ni rọ́bà tí ó wà nínú táyà ọkọ̀ tí ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá. Ẹ̀kẹrin ni ẹ̀gẹ́ tí ó wà nínú oko náà fúnra rẹ̀, tí yóò di gàrí lọ́la. Bí a bá ṣẹ́ ewé ẹ̀gẹ́ tàbí ti òdòdó Kérésìmesì, oje funfun yóò yọ lójú ọgbẹ́ rẹ̀ kíákíá. Bí a bá sì dá ọgbẹ́ sí èèpo igi rọ́bà, oje funfun bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni yóò ṣàn jáde.

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a óò wo ìdílé náà fínnífínní: orúkọ rẹ̀, àmì tí a fi ń dá a mọ̀, iṣẹ́ tí oje náà ń ṣe, àti ohun tí àwọn ènìyàn ti rí gbà láti inú rẹ̀ sí rere àti sí búburú. Kókó kan ni a fẹ́ kí òǹkàwé mú lọ: ìdílé tí ó ń bọ́ wa náà ni ó ní májèlé nínú, ohun tí ó sì pààlà sáàárín oúnjẹ àti májèlé ni ìmọ̀ pẹ̀lú sùúrù.

Orúkọ Ìdílé Náà àti Bí Ó Ti Gbòòrò Tó

Euphorbiaceae ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pe ìdílé yìí. Orúkọ náà ní ìtàn. Ní àkókò tí Késárì Augustu ń jọba ní Róòmù, ọba kan wà ní Àríwá Áfíríkà tí à ń pè ní Juba Kejì. Ilẹ̀ ọba rẹ̀, Mauretania, wà ní apá ibi tí a mọ̀ sí Mòrókò àti Àlùjíríà lónìí. Ọ̀mọ̀wé ni ọba yìí, ó sì fẹ́ Cleopatra Selene, ọmọbìnrin Cleopatra, ayaba Íjíbítì. Pliny, òǹkọ̀wé ará Róòmù, sọ fún wa pé a rí ewéko kan lórí òkè Atlas tí oje rẹ̀ funfun, tí ó sì ta ènìyàn lára, Juba sì fi orúkọ Euphorbus, dókítà tirẹ̀, pe ewéko náà. Nígbà tí Carl Linnaeus, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ṣe ìwé ńlá rẹ̀ lórí àwọn ewéko ayé ní ọdún 1753, ó dá orúkọ náà sí. Ní ọdún 1789, Antoine Laurent de Jussieu, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi orúkọ náà pe gbogbo ìdílé yìí lápapọ̀.

Ìdílé náà gbòòrò gidigidi. Ẹ̀yà ewéko tí ó wà nínú rẹ̀ lé ní 6,000, agbo kan ṣoṣo nínú rẹ̀, tí à ń pè ní Euphorbia, sì ní ẹ̀yà tí ó tó nǹkan bí 2,000. Àwọn kan kéré tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń hù nínú pàlàpálá ojú títì, tí a ń tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ láìbojúwẹ̀yìn. Àwọn kan di igi ńlá nínú igbó. Àwọn mìíràn kò ní ewé púpọ̀; ọ̀pá wọn tutù yọ̀yọ̀, ó sanra, ó sì ní ẹ̀gún, bí igi orọ́ tí a ń rí ní ilẹ̀ wa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé orọ́ jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú kátọ́ọ̀sì ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀dá àti oòrùn ni ó sọ ìrísí wọn di ọ̀kan, bí iṣẹ́ kan náà ti máa ń mú kí àgbẹ̀ ìlú méjì wọ irú aṣọ kan. Ẹ fi abẹ́rẹ́ gún àwọn méjèèjì: orọ́ yóò sun oje funfun, kátọ́ọ̀sì aṣálẹ̀ tí ó jọ ọ́ yóò sì mú omi lásán jáde.

Bí A Ṣe Ń Dá Ọmọ Ìdílé Náà Mọ̀

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ yóò wí pé, “Ó parí náà nìyẹn, gbogbo ewéko tí ó bá ní oje funfun, ọmọ ìdílé yìí ni.” Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra. Ìrókò ní oje funfun, ṣùgbọ́n ìbátan ọdán àti ọ̀pọ̀tọ́ ni ìrókò. Ìbẹ́pẹ ní oje funfun, ìdílé tirẹ̀ sì yàtọ̀. Bọmubọmu náà ní i, kò sì sí nínú ìdílé yìí. Ní ìdà kejì ẹ̀wẹ̀, lárà, tí ó jẹ́ ọmọ bíbí inú ìdílé náà, kò ní oje funfun rárá. Omi inú rẹ̀ mọ́ gaara ni. Oje bọ̀tujẹ̀ pẹ̀lú kì í funfun bíi ti ẹ̀gẹ́. Ó máa ń fà, bí ó bá sì gbẹ, a di aláwọ̀ igi. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ ni àmì kan kò tó láti fi mọ ìdílé.

Nítorí náà, àwọn onímọ̀ ewéko ń wo òdòdó àti èso. Nínú ìdílé yìí, òdòdó akọ yàtọ̀ sí òdòdó abo. Lórí lárà, fún àpẹẹrẹ, àwọn òdòdó abo wà ní òkè ìṣù òdòdó, àwọn akọ sì wà nísàlẹ̀. Ní ti èso, ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn ni ó pín sí iyàrá mẹ́ta, tí hóró kọ̀ọ̀kan sì wà nínú iyàrá kọ̀ọ̀kan. Ẹ mú èso ẹ̀gẹ́, èso lárà, èso bọ̀tujẹ̀ àti èso rọ́bà, kí ẹ tò wọ́n sí orí tábìlì kan. Wọn kò tóbi bákan náà, àwọ̀ wọn kò sì rí bákan náà, ṣùgbọ́n mẹ́ta mẹ́ta ni ilé inú wọn. Ibẹ̀ ni ìbátan wọn ti hàn gbangba.

Nígbà tí èso wọ̀nyí bá gbẹ, ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa bú pẹ̀lú ariwo, a sì ta hóró wọn dànù sí ọ̀nà jíjìn. Igi ẹlẹ́gùn-ún kan wà tí a mú wá láti Amẹ́ríkà, tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́ fẹ́ràn láti gbìn fún ibòòji. Hura crepitans ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Iyàrá inú èso rẹ̀ ju mẹ́ta lọ fíìfíì. Ó rí bí ẹ̀lẹ́gédé kékeré, ó sì lè ta hóró rẹ̀ kọjá 30 mítà nígbà tí ó bá bú ní ọ̀sán gangan.

Òdòdó Kérésìmesì ni ó máa ń tan ojú jẹ jù. Pupa tí a rí lórí rẹ̀ kì í ṣe òdòdó, ewé ni. Òdòdó rẹ̀ gan-an ni àwọn nǹkan róbótó kékeré aláwọ̀ ewé àti ìyeyè tí ó wà láàárín ewé pupa náà. Ilẹ̀ Mẹ́síkò ni igi yìí ti wá. Joel Roberts Poinsett, aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà ní Mẹ́síkò, ni ó mú un dé orílẹ̀-èdè tirẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1828. Bí òru bá gùn sí i ní òpin ọdún ni ewé orí rẹ̀ ń pọ́n. Ìdí nìyí tí pupa rẹ̀ fi ń bọ́ sí àsìkò ìrántí ìbí Olúwa wa.

Iṣẹ́ Tí Oje Náà Ń Ṣe

Wàrà màlúù wà fún bíbọ́ ọmọ màlúù. Oje àwọn ewéko wọ̀nyí kò rí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe oúnjẹ ewéko náà, kì í sì í ṣe ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìṣọ́ ni. Nínú èèpo àti ewé, àwọn ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ wà tí oje náà kún inú wọn, tí ó sì ń dúró de ọ̀tá. Bí kòkòrò bá bu ewé jẹ, ojú ọ̀nà náà yóò já, oje yóò tú jáde, yóò lẹ kòkòrò náà lẹ́nu. Bí ó bá ṣe díẹ̀, oje yóò dì, yóò sì dí ojú ọgbẹ́ kí àrùn má baà gba ibẹ̀ wọlé. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀yà, èròjà tí ń jóni bí iná tún wà nínú oje náà.

Èyí ni ó fi yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún igi orọ́ àti àwọn ìbátan rẹ̀ nínú agbo Euphorbia. Bí oje wọn bá ta sí ènìyàn lójú, ìrora rẹ̀ pọ̀, ó sì lè pa ojú lára fún ọjọ́ púpọ̀. Àwọn àgbà wa sọ pé igi gogoro tí yóò gúnni lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ẹni tí ó bá ń gé orọ́ tàbí tí ń tún òdòdó Kérésìmesì ṣe níláti dáàbò bo ojú rẹ̀, kí ó má fi ọwọ́ náà nu ojú, kí ó sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Bí oje bá ti ta sí ojú, omi mímọ́ púpọ̀ ni a óò fi ṣàn án láìdúró, a ó sì gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ̀gẹ́: Oúnjẹ Tí Ó Ń Béèrè Sùúrù

Gúúsù Amẹ́ríkà ni ẹ̀gẹ́ ti wá, láti ilẹ̀ tí ó wà ní etí gúúsù igbó Amazon. Àwọn ará ibẹ̀ ti ń gbìn ín ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kí ọkọ̀ àwọn Pọ́túgà tó dé èbúté wọn. Àwọn Pọ́túgà ni ó gbé e wá sí etíkun Áfíríkà ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Nígbà tí ó di ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn ènìyàn wa tí wọ́n bọ́ lọ́wọ́ oko ẹrú ní Brazil tí wọ́n sì padà wá sí Èkó àti àwọn ìlú etíkun, wà lára àwọn tí ó tan ọgbọ́n síse ẹ̀gẹ́ kálẹ̀. Lónìí, kò sí orílẹ̀-èdè tí ó ń kórè ẹ̀gẹ́ tó Nàìjíríà ní gbogbo ayé. Ìkórè ọdún kan lé ní mílíọ̀nù 50 tọ́ọ̀nù.

Kí ni ó fà á tí a kò fi lè wa ẹ̀gẹ́ kíkorò kí a sè é jẹ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí iṣu? Nínú ewé àti gbòǹgbò ẹ̀gẹ́, èròjà kan wà tí à ń pè ní linamarin. Ní ibòmíràn nínú ara ewéko kan náà, èròjà kejì wà tí ó lè tú linamarin palẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí gbòǹgbò náà bá wà ní pípé, àwọn méjèèjì kò pàdé. Ṣùgbọ́n bí eku bá gé e jẹ, tàbí bí a bá fi ọ̀bẹ gé e, wọn yóò dàpọ̀, cyanide, tí í ṣe májèlé líle, yóò sì jáde. Báyìí ni ewéko náà ṣe ń dáàbò bo ara rẹ̀.

Ẹ wá wo ọgbọ́n àwọn ìyá wa tí ń yan gàrí. Wọn a bó èèpo rẹ̀ kúrò, nítorí májèlé pọ̀ nínú èèpo ju inú lọ. Wọn a fọ̀ ọ́, wọn a rin ín. Rírin yìí ni ó ń fọ́ gbogbo ara ẹ̀gẹ́ náà wẹ́wẹ́, tí ó fi jẹ́ pé èròjà méjèèjì ń pàdé ní ibi gbogbo, tí májèlé náà sì ń tú sílẹ̀ kí ó tó dé ẹnu ènìyàn. Wọn a dì í sínú àpò, wọn a gbé nǹkan wúwo lé e lórí, wọn a sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ kí ó kan, kí omi sì ro kúrò lára rẹ̀. Púpọ̀ nínú májèlé ń bá omi náà lọ. Lẹ́yìn èyí, wọn a sẹ́ ẹ, wọn a sì yan án lórí iná. Cyanide ń di afẹ́fẹ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n 26 lórí òṣùwọ̀n Celsius, èyí tí kò tó ooru ọ̀sán ní ilẹ̀ wa. Nítorí náà, ooru agbada gàrí a máa lé èyí tí ó ṣẹ́kù jáde. Kò sí ìpele kan níbẹ̀ tí ó jẹ́ àṣà lásán. Àwọn tí kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kẹ́mísìrì ń ṣe iṣẹ́ kẹ́mísìrì ní ẹ̀yìnkùlé wọn, wọ́n sì ń ṣe é láìtàsé. Bákan náà ni rírẹ tí a ń rẹ ẹ̀gẹ́ sínú omi fún fùfú, láfún àti púpurù ti ń ṣiṣẹ́.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ bí a bá kánjú kì í ṣe ìtàn àròsọ. Ní ọdún 1938, dókítà kan tí ń jẹ́ Trolli kọ̀wé nípa àìsàn kan ní agbègbè Kwango, ní ilẹ̀ Kóńgò. Ẹsẹ̀ àwọn tí ó mú a máa le gbandi lójijì, tí wọn kò ní lè rìn dáadáa mọ́ títí ayé. Konzo ni àwọn Yaka, tí wọ́n ń gbé ní agbègbè náà, ń pè é. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹsẹ̀ tí a dè. Ní ọdún 1981, ọ̀dá mú ní ìpínlẹ̀ Nampula, ní Mòsáńbíìkì. Ẹ̀gẹ́ kíkorò nìkan ni ó kù nínú oko. Ebi kò jẹ́ kí àwọn ènìyàn lè dúró kí ó gbẹ dáadáa nínú oòrùn bí àṣà wọn, wọn kò sì rí ẹja tàbí ẹ̀wà tí yóò ran ara wọn lọ́wọ́ láti borí májèlé náà. Ẹni tí àìsàn yìí kọlù ju 1,000 lọ, àwọn obìnrin àti àwọn ọmọdé ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn.

Ní ilẹ̀ tiwa náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Osuntokun ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ìwádìí ní àwọn ọdún 1960 lórí àwọn ènìyàn tí ẹsẹ̀ wọn kú tipiri, tí ìrìn wọn ń gbò, tí ojú wọn sì ń ṣe bàìbàì. Ó tọ́ka sí jíjẹ ẹ̀gẹ́ lójoojúmọ́ láìsí oúnjẹ aṣaralóore mìíràn gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó fà á. Àjọ ìlera àti àjọ oúnjẹ ti àgbáyé ti pinnu pé cyanide inú kílógíráàmù kan èlùbọ́ ẹ̀gẹ́ kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 10 lọ.

Ìmọ̀ sì ń pèsè ọ̀nà àbáyọ tí kò ní owó nínú. Howard Bradbury, onímọ̀ kẹ́mísìrì ní Yunifásítì Ìjọba Orílẹ̀-èdè Ọsirélíà, fi hàn pé bí a bá po èlùbọ́ ẹ̀gẹ́ mọ́ omi, tí a tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ lórí ẹní, tí a sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí 2 nínú oòrùn tàbí wákàtí 5 ní ibòòji kí a tó fi rokà, púpọ̀ nínú májèlé tí ó ṣẹ́kù yóò bá afẹ́fẹ́ lọ. A ti kọ́ àwọn obìnrin ní àwọn abúlé Kóńgò ní ọgbọ́n yìí, ó sì ti dá ọ̀pọ̀ ọmọ sí lórí ẹsẹ̀ wọn.

Rọ́bà: Ọgbẹ́ Tí A Dá àti Ọgbẹ́ Tí A Dá Jù

Igi rọ́bà tí gbogbo ayé ń lò lónìí wá láti igbó Amazon pẹ̀lú. Ní ọdún 1876, Henry Wickham, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó nǹkan bí 70,000 hóró rẹ̀ láti Brazil lọ sí ọgbà ewéko Kew ní Lọ́ńdọ̀nù. Díẹ̀ nínú wọn ni ó hù. A kó àwọn ọmọ igi náà lọ sí Éṣíà. Ní ọdún 1877, 22 péré nínú wọn ni ó dé Singapore.

Ṣùgbọ́n kí igi yìí tó gbilẹ̀ ní ilẹ̀ wa, àwọn baba ńlá wa ti ní igi kan tí oje rẹ̀ ń di rọ́bà: ìrẹ́. Ìrẹ́ kì í ṣe ọmọ ìdílé tí à ń kọ́ nípa rẹ̀; ìbátan bọmubọmu ni. A mẹ́nu bà á nítorí ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìtàn rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1890, owó rọ́bà gòkè ní Yúróòpù, àwọn ènìyàn sì rọ́ wọ inú igbó ilẹ̀ Yorùbá láti gba oje ìrẹ́. Ní ọdún 1895 nìkan, rọ́bà tí ó gba èbúté Èkó kọjá ju 2,000 tọ́ọ̀nù lọ. Gbogbo ènìyàn ń kánjú kí ẹlòmíràn má baà ṣáájú rẹ̀. Wọ́n dá ọgbẹ́ yí igi ká láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Wọ́n gé igi kékeré àti ńlá láìfi èyí tí yóò dàgbà sílẹ̀. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, igi ìrẹ́ ti kú lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, òwò náà sì ti wó lulẹ̀.

Ní ọdún kan náà wọ̀nyí, Henry Ridley, alákòóso ọgbà ewéko Singapore láti ọdún 1888, ń kọ́ bí a ti í dá igi rọ́bà lọ́gbẹ́ láìpa á. Ó rí i pé bí a bá fi ọ̀bẹ mímú fá èèpo rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ lójú ọgbẹ́ kan náà, láìjẹ́ kí ọ̀bẹ kan igi inú rẹ̀, oje a máa pọ̀ sí i, èèpo a sì tún hù padà. Àwọn ènìyàn fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé hóró rọ́bà kì í wọ́n nínú àpò rẹ̀, tí ó sì ń bẹ gbogbo àgbẹ̀ tí ó bá pàdé pé kí wọ́n gbìn ín. Kí ó tó kú ní ọdún 1956, nígbà tí ó ti pé ẹni 100 ọdún, rọ́bà ti di ọrọ̀ ńlá fún ilẹ̀ Màléṣíà. Ọ̀nà tí ó fi lélẹ̀ ni à ń tẹ̀lé ní àwọn oko rọ́bà Edo, Delta àti Oǹdó títí di òní. Igi tí a bá fi ẹ̀sọ̀ dá lọ́gbẹ́ báyìí lè máa mú oje wá fún 25 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Lárà àti Bọ̀tujẹ̀: Hóró Tí Ó Lẹ́wà, Tí Kò Ṣeé Jẹ

Hóró lárà dára lójú; ó ń dán, ó sì ní àrà lára bí ẹyin ẹyẹ. Nínú rẹ̀ ni a ti ń fún epo tí àwọn òbí àtijọ́ ń fún ọmọ mu láti fi fọ inú wọn kí wọ́n tó padà sí ilé-ẹ̀kọ́. Epo kan náà ni a fi ń pa ẹ́ńjìnnì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfúrufú nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní. Ṣùgbọ́n májèlé kan tí à ń pè ní ricin wà nínú hóró náà. Kì í bá epo lọ. Inú ìdàrọ́ tí ó ṣẹ́kù ni ó ń wà, hóró díẹ̀ tí ọmọdé bá sì jẹ lẹ́nu lè pa á.

Hóró bọ̀tujẹ̀ náà ní èròjà tí ó jọ ọ́, pẹ̀lú epo tí ń da inú rú. Adùn díẹ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó léwu jù, nítorí àwọn ọmọdé a máa rò pé ẹ̀pà ni. Láìpẹ́, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru yóò bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà a máa fi oje bọ̀tujẹ̀ dá ẹ̀jẹ̀ ojú ọgbẹ́ dúró, àwọn ọmọdé a sì máa fi í fẹ́ ìfóòfó sínú afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n ti hóró rẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tí ó bá ti jẹ ẹ́, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ kíákíá, kí a sì mú díẹ̀ nínú hóró náà dání kí dókítà lè rí i.

Ó ṣeé ṣe kí a ti máa ka ìtàn ọ̀kan nínú ìdílé yìí nínú Ìwé Mímọ́ láti ìgbà èwe wa. Nínú ìwé Jónà, orí kẹrin, Ọlọ́run mú kí ewéko kan hù láti ṣíji bo wòlíì náà níta Nínéfè; kòkòrò sì jẹ ẹ́, ó rọ ní ọjọ́ kejì. Ìtàkùn ni Bíbélì Yorùbá pè é. Qiqayon ni ó wà nínú èdè Hébérù, èyí sì jọ kiki, orúkọ tí àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ń pe epo lárà gẹ́gẹ́ bí Herodotus ti kọ ọ́ sílẹ̀. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ṣe gbà pé lárà ni. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Gíríìkì láyé àtijọ́ pè é ní irú igbá tàbí ẹ̀lẹ́gédé, Jerome sì pè é ní ìtàkùn mìíràn nínú Bíbélì Látìn. Ẹni tí ó bá ti gbin lárà rí yóò rí ìdí tí èrò àwọn ọ̀mọ̀wé náà fi wọ̀: ó ń yára hù, ewé rẹ̀ gbòòrò bí àtẹ́lẹwọ́ tí a yà, òjìji rẹ̀ sì tó fún ẹni kan láti jókòó sí.

Ohun Tí A Óò Mú Lọ

Ní àsìkò àjọ̀dún yìí tí à ń dúpẹ́ fún àwọn ọdún tí ilé-ẹ̀kọ́ wa ti lò, ó yẹ kí a rántí pé púpọ̀ nínú ohun tí a jẹ kí a tó lè kàwé ti oko ẹ̀gẹ́ wá. Ọwọ́ àwọn ìyá tí ó ní sùúrù ni ó yọ májèlé inú rẹ̀ kúrò. Àwọn kan ń rin ẹ̀gẹ́ lónìí, wọ́n sì ń yan án lónìí kan náà láti tètè dé ọjà. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ẹ̀kọ́ yìí ti mọ ohun tí ọjọ́ tí wọ́n gé kúrò wà fún. Ẹ sọ fún wọn nílé pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún wọn. Ẹ kọ́ àwọn àbúrò yín láti dá èso bọ̀tujẹ̀ àti lárà mọ̀, kí wọ́n má sì fi wọ́n sẹ́nu.

Ìbéèrè fún Ìjíròrò

1. Dárúkọ ewéko mẹ́ta tí ó ní oje funfun ṣùgbọ́n tí kò sí nínú ìdílé yìí. Kí ni a óò wò kí a tó lè mọ ìyàtọ̀?

2. Ṣàlàyé iṣẹ́ tí rírin, kíkan, fífún omi àti yíyan ń ṣe lórí májèlé inú ẹ̀gẹ́. Èwo ni ó léwu jù láti fò, kí sì ni ìdí?

3. Fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí igi ìrẹ́ ní ilẹ̀ wa wé ohun tí Ridley ṣe ní Singapore. Ohun àmúṣọrọ̀ wo ní agbègbè yín ni a ń lò lónìí bí wọ́n ti lo ìrẹ́?

4. Pẹ̀lú olùkọ́ yín, ẹ ka ọmọ ìdílé yìí tí ó wà nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, kí ẹ sì kọ àkọlé sí ìdí èyí tí ó léwu fún àwọn ọmọdé.